Winchester 94 tó jù mí lọ́jọ́ orí: ohun tí ojú mi rí nídìí rẹ̀

Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń gbé ìbọn yìí wọgbó. Winchester 94 ni, ọta .30-30 ló ń jẹ, ọ̀pá rẹ̀ gùn ní ínṣì 20, ọdún 1956 ni wọ́n sì ṣe é. Wọn ò tíì bí mi nígbà náà. Mi ò rà á láti gbé e kọ́ ara ògiri kí àlejò máa wò ó. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá ráífù àtijọ́ tí kò ní awò tó ń fa ohun ọ̀nà jíjìn mọ́ra lórí, tí kò ní rọ́bà nídìí, tó jẹ́ pé igi àti irin nìkan ló wà lára rẹ̀, ṣì lè bá èèyàn ṣiṣẹ́ ọdẹ lónìí. Ó lè bá a ṣe é. Àmọ́ òun ló máa ń sọ ibi tí ẹ ó dúró sí, ẹ̀yin kọ́.

Gbígbé rẹ̀ ni kí n fi bẹ̀rẹ̀, torí pé ìṣẹ́jú mélòó kan lọdẹ fi ń yìnbọn láàárín ọdún, àìmọye wákàtí ló fi ń gbé e kiri. Kò ju nǹkan bíi kílò mẹ́ta lọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí ọwọ́ irin tó yọ gọngọ bíi ti ìbọn Mauser tí ìtàkùn á máa kọ́. Bí mo bá fi ọwọ́ ọ̀tún gbá a mú níbi irin àárín, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà, níwájú lífà (irin ìsàlẹ̀ tí èèyàn máa ń fà láti ki ọta) gan-an, ṣe ló máa dọ́gba. Ẹnu rẹ̀ kò ní tẹ̀, ìdí rẹ̀ kò ní tẹ̀. Mo máa ń fi ọwọ́ kejì ya ewé, mo máa ń fi di ẹ̀ka igi mú tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá odò, kò sì sígbà kan tí ìbọn náà dà bí ẹrù. Ẹ̀gbọ́n mi kan tí a jọ ń dẹ̀gbẹ́ ní Mauser 98 tó gbé awò ńlá lé lórí. Ìbọn gidi ni, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n tó bá fi máa di ọwọ́ ọ̀sán, ẹ ó rí i tó ń gbé e láti èjìká kan sí èkejì bí ẹni tó pọn ọmọ tó ti dàgbà.

Ọkùnrin tó ṣe àgbékalẹ̀ ìbọn yìí ni John Browning. Ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1894 ni ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ jáde. Ẹ̀tù dúdú ló wà nínú àwọn ọta tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, .32-40 àti .38-55. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1895, ni .30-30 dé, ẹ̀tù tí kì í rú èéfín ni wọ́n sì ṣe tiẹ̀ fún láti ìbẹ̀rẹ̀. 30 àkọ́kọ́ nínú orúkọ rẹ̀ ni bí ọta ṣe nípọn tó, ìyẹn ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ínṣì. 30 kejì ni ìwọ̀n ẹ̀tù tí wọ́n ń dà sínú rẹ̀ nígbà náà, grain 30 (grain ni ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀tù àti ọta). Ẹni tó bá ti fi ẹ̀tù dúdú yìnbọn rí ló máa mọ ohun tí ìyípadà yẹn jẹ́. Ẹ ó yìn ín tán, èéfín á bo gbogbo iwájú yín, ẹ ó wá dúró bí ẹni tó wà nínú kùrukùru, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ẹran ṣubú ni àbí ó ti lọ. Lójijì, ọdẹ rí ẹran rẹ̀ lẹ́yìn tó yìnbọn tán! Abájọ tí gbogbo ayé fi ń du ìbọn náà. Wọ́n ti ṣe ohun tó lé ní mílíọ̀nù méje báyìí, ìyẹn ni kò jẹ́ kí n wá ẹ̀yà ara rẹ̀ kan tì rí. Síríńgì, pín, síkúrù, gbogbo rẹ̀ ló wà nílẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ra tiyín, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Lọ́dún 1964, wọ́n yí bí wọ́n ṣe ń ṣe é padà kó má bàa wọ́n jù láti ṣe. Irin pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń gbé ọta láti ìsàlẹ̀ wá sí ẹnu ihò. Irin tó ki ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ látinú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi páànù tẹ̀ ẹ́ jáde. Wọ́n fi pín oníhò rọ́pò àwọn síkúrù kan. Irin àárín náà wá di irú èyí tí kì í gba àwọ̀ dúdú dáadáa mọ́, bí ó bá ti ṣí, àtikùn ún padà di wàhálà. Nǹkan bíi nọ́ńbà 2,700,000 ni àwọn tí wọ́n ṣe lọ́nà tuntun yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré sí i ni àwọn èèyàn ń wá lójú méjèèjì. Kì í ṣe pé tẹ̀yìn kò lè pẹran o, mo ti rí ọ̀pọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ láìsí àléébù. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń sanwó fún ni.

Ẹni tó ta tèmi fún mi ní, “Bọ̀dá, ẹ má wulẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, inú ọ̀pá ẹ̀ mọ́ bíi dígí.” Lóòótọ́, ó mọ́. Mo tan iná sí i láti ìdí, àwọn ìlà tó ń yí po nínú rẹ̀ gún régé títí dé ẹnu. Ohun tí kò sọ fún mi ni pé ẹnì kan ti pààrọ̀ irin ìfojúsùn ẹ̀yìn, ó ti fi èyí tó ga jù síbẹ̀. Ìgbà tí mo gbé e dé pápá ìdánwò, ọta mẹ́ta àkọ́kọ́ kò kan pátákó rárá, orí òkè ni gbogbo wọn gbà lọ. Mo ń dá ara mi lẹ́bi, mo ń dá èjìká mi lẹ́bi, mo ń dá atẹ́gùn lẹ́bi. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí n tó fi èyí tó wà níbẹ̀ wé àwòrán èyí tó yẹ kó wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ wo orí àwọn síkúrù dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó. Bí ojú ìlà orí wọn bá ti jẹ tàbí tó ti ya, ẹnì kan ti fi sùkùdíráfà tí kò bá a mu tú ìbọn yẹn, ẹ sì bi ara yín léèrè ohun tó ń wá níbẹ̀. Ẹ wo igi tó wà lẹ́yìn irin àárín pẹ̀lú, ibẹ̀ ló sábà máa ń là. Ẹ jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ ìbọn tó mọṣẹ́ wọn ihò ọta rẹ̀ kí ẹ tó yìn ín fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ má fi ìyẹn ṣeré. Bí ẹ bá rí “30 W.C.F.” lára ọ̀pá dípò .30-30, ẹ má jáyà, ọta kan náà ni, orúkọ àtijọ́ ni.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ sóko ọdẹ ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ tí ìwé kankan kò kọ́ mi. Mo lúgọ sẹ́yìn igi kan tó wó, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Àgbọ̀nrín kan jáde láti ọwọ́ òsì, ó ń jẹ ewé, kò tó ogójì yáàdì sí mi. Mo rọra fa lífà, mo rọra dá a padà, torí mi ò fẹ́ kó dún. Mo gbé ìbọn sójú. Ìlẹ̀kẹ̀ iwájú, ìyẹn irin ìfojúsùn tó wà lẹ́nu ìbọn, jókòó sẹ́yìn èjìká ẹran náà. Mo fa tírígà. Tírígà kò mira. Mo tún fà á, ó le gbagidi bí òkúta. Mo bojú wò ó láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ìmira kékeré yẹn sì tó. Ìrù funfun ni mo rí gbẹ̀yìn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Irin kékeré kan wà nínú ìbọn yìí tó máa ń di tírígà mú títí ẹ ó fi fún lífà mọ́ igi pátápátá. Lífà tèmi ti padà, àmọ́ ó ku bí ìpọn èékánná kó dé ibi tó ń lọ, torí pé mo ń ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ààbò ni wọ́n fi irin yẹn ṣe, kí ìbọn má bàa bú nígbà tí ìdí ọta kò tíì tì pa. Ó dára bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti di ìbọn náà mú, àwọn ìka mẹ́ta tó wà nínú lífà máa ń fún un mọ́ra kí ìka tírígà tó ṣiṣẹ́. Ó ti mọ́ mi lára débi pé mo máa ń ṣe é fún ìbọn tí kò ní lífà.

Òmíràn tún ni pé lífà kò fẹ́ ojo. Bí ẹ bá fà á ní ìdajì tí ẹ dá a padà, ọta tuntun lè má wọlé, tàbí kó há. Ẹ fà á délẹ̀, ẹ dá a padà délé, kó dún gbàgà-gbàgà. Ẹran tó gbọ́ ìbọn yín lẹ́ẹ̀kan ti mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀, kí lẹ tún ń yọ́ ṣe? Tí ẹ bá fà á dáadáa, kòròfo ọta á fò sókè lọ́ọ́kán orí yín. Kòròfo méjì ti bọ́ sínú kọ́là ẹ̀wù mi rí, wọ́n sì gbóná. Fífò sókè yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí èèyàn lè gbé awò sórí ẹ̀yìn rẹ̀ tààrà. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni wọ́n tó yí ìyẹn padà, tí kòròfo wá ń bọ́ sí ẹ̀gbẹ́.

Kíkó ọta sínú rẹ̀ ní ọgbọ́n tiẹ̀. Ilẹ̀kùn irin kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, ẹ ó fi orí ọta tì í, ọta á wọnú ọ̀pá tó wà nísàlẹ̀. Síríńgì ilẹ̀kùn yẹn máa ń bu àtàǹpàkò jẹ. Ẹni bá ń ti ọta wọlé pátá lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó kó mẹ́rin tán, awọ ìka rẹ̀ á ti bó. Ẹ má tì í wọlé tán. Ẹ jẹ́ kí ìdí rẹ̀ ṣì yọ díẹ̀, kí ẹ fi imú ọta tó kàn tì í. Èyí tó gbẹ̀yìn nìkan ni àtàǹpàkò á jìyà rẹ̀.

Kíkó o jáde ni mi ò fẹ́ràn. Ẹ gbọ́dọ̀ fi lífà fa gbogbo ọta kọjá nínú ihò ìbọn lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó tán, òòlù, ìyẹn irin ẹ̀yìn tó máa ń gbá ìdí ọta, á sì máa ká ní gbogbo ìgbà. Tèmi kò ní sééfútì (bọ́tìnì ààbò) kankan yàtọ̀ sí ibùdó àárín tí òòlù máa ń dúró sí, kò wá síwájú, kò lọ sẹ́yìn. Láti dé ibẹ̀, ẹ ó fi àtàǹpàkò di òòlù mú, ẹ ó fa tírígà díẹ̀, ẹ ó sì rọra sọ òòlù kalẹ̀. Lọ́sàn-án, nínú oòrùn, kò sóhun tó rọrùn tó o. Láàárọ̀ kùtùkùtù tí ọwọ́ ti kú fún òtútù, ẹ gbà mí gbọ́, ọkàn máa ń lù. Mo ti sọ ọ́ di òfin fún ara mi pé mi ò ní ṣe é àfi tí ẹnu ìbọn bá kọjú sí ilẹ̀ rírọ̀ níwájú mi, mi ò sì ní ṣe é pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n, tàbí tó ń kọ́ ọmọdé níṣẹ́ ọdẹ, kó wá irú èyí tí wọ́n fi sééfútì sí láti 1992 síwájú. Àwọn tó ń kó ìbọn jọ máa ń bú bọ́tìnì yẹn pé ó ba ẹwà jẹ́. Wọn ò tíì fi àtàǹpàkò tútù sọ òòlù kalẹ̀ ni.

Ọta ńkọ́? Èyí tí imú rẹ̀ wọ̀n grain 170 tó sì tẹ́ ni mò ń lò. Títẹ́ yẹn kì í ṣe fún ẹwà. Ṣe ni àwọn ọta to tẹ̀ lé ara wọn nínú ọ̀pá ìsàlẹ̀, imú ọ̀kan sún mọ́ ìdí èkejì. Bí imú bá mú ṣóńṣó, ọjọ́ tí ìbọn bá ta sẹ́yìn, ó lè gún práímà (ohun tó ń tanná sí ẹ̀tù) tó wà nídìí èyí tó wà níwájú rẹ̀, nǹkan á sì bú lábẹ́ ọwọ́ yín. Àwọn kan wà báyìí tí imú wọn mú àmọ́ tó rọ̀ bíi rọ́bà, ìyẹn kò léwu. Èmi ṣì wà pẹ̀lú olórí pẹlẹbẹ. Ó ń jáde ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2,200 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kò yára lójú àwọn ọmọ ayé òde òní, kì í sì í gbá èèyàn léjìká bí ẹni ń bínú.

Ojú mi ló fẹ́ já mi kulẹ̀. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Irin ìfojúsùn ẹ̀yìn, ìlẹ̀kẹ̀ iwájú, ẹran: nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ní kí ojú kan wò pọ̀, ojú àgbà kò sì lè wo ju ọ̀kan lọ kó mọ́. Ti ẹ̀yìn á rí bàìbàì bí ìrù ológbò lókùnkùn. Lọ́dún kejì ni mo ní kí alágbẹ̀dẹ ìbọn fi ìfojúsùn oníhò sí i, èyí tó máa ń wà nítòsí ojú. Ihò síkúrù méjì ti wà lára irin àárín rẹ̀ kí n tó rà á, ẹni kan ti lu ú láyé ọjọ́un. Ohun tó ba ìbọn náà jẹ́ lójú àwọn olùkójọ ló là mí lọ́wọ́ ẹ̀bi, torí mi ò bá tí lè lu irin ọdún 1956 láì mí kanlẹ̀. Ihò náà kò ní kí ẹ wo òun, ẹ kàn máa wo inú rẹ̀ kọjá ni, ojú fúnra rẹ̀ á wá àárín. Tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, mo máa ń tú awo kékeré inú rẹ̀ kúrò kí ihò náà lè fẹ̀ sí i. Nǹkan mẹ́ta ti di méjì. Lórí pátákó tó wà ní ọgọ́rùn-ún yáàdì, ọta mẹ́ta mi tí kì í wọ inú abọ́ ọbẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń wọ inú ìwọ̀n ínṣì mẹ́ta. Ìbọn tuntun á rẹ́rìn-ín ìyẹn. Ó tó fún ọkàn àgbọ̀nrín.

Ọgọ́rùn-ún yáàdì ni mo fi ṣe ààlà mi. Tí mo bá to ojú rẹ̀ sí ọgọ́rùn-ún, tó bá fi máa dé igba, ọta náà á ti lọ sílẹ̀ ní bí ínṣì mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Ọdún tó kọjá, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi rí ẹlẹ́dẹ̀ igbó ńlá kan létí pápá gbalasa, ó tú ilẹ̀ bí ẹni ń wá owó. Ẹ̀gbọ́n mi wọn ọ̀nà rẹ̀, 220 yáàdì. Ó wò mí, mo wò ó. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, tiyín nìyẹn.” Ó na Mauser rẹ̀ lé orí àpò, ìbọn dún lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Ó dùn mí, irọ́ kọ́. Mo lè gbìyànjú, bóyá ma bà á níkùn, ká wá máa tọ ipa ẹ̀jẹ̀ títí di òru. Ẹran tó bá gba ọta burúkú ló ń jìyà ìgbéraga ọdẹ.

Ṣùgbọ́n nínú igbó dídí, ẹ má fi ohun mìíràn wé e. Àgbọ̀nrín tí mo pa gbẹ̀yìn ń gba ojú ọ̀nà ẹran kan sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò, ó dúró gbọ́ nǹkan, àlàfo láàárín ewé kò ju ìbú ilẹ̀kùn lọ. Bí ìbọn ṣe dé èjìká ni ìlẹ̀kẹ̀ ti wà níbi tó yẹ kó wà, mi ò wá ẹran kiri inú awò, mi ò yí nǹkan kan. Yáàdì márùndínlọ́gọ́ta péré ló wà láàárín wa nígbà tí mo yìn ín, ó sì gba mi ní wákàtí méjì láti dé ibẹ̀, mo ń rìn, mo ń dúró, mo ń wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Wákàtí méjì yẹn ni ìbọn yìí ń gbà lọ́wọ́ mi nígbà gbogbo. Ẹ̀gbọ́n mi ní wàhálà ni. Wàhálà náà ni mo ń wá lọ sígbó.

Òjò ni ọ̀tá rẹ̀. Omi máa ń wọ abẹ́ igi iwájú, ó máa ń jókòó sábẹ́ àwọn òrùka irin méjì tó di igi àti ọ̀pá pọ̀, ẹ̀yin ò sì ní rí i láti òde. Tèmi ti ní ìpẹtà díẹ̀ níbẹ̀ kí n tó mọ̀, bíi wóró ata gígún. Ní báyìí, lẹ́yìn gbogbo òjò, mo ń tú àwọn òrùka náà, mo ń fi aṣọ tí mo rẹ sínú òróró nu abẹ́ wọn. Inú ọ̀pá ní ìṣòro tiẹ̀, nítorí ẹnu ìbọn nìkan lèèyàn lè gbà fi ọ̀pá ìnu wọlé láìtú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ọ̀pọ̀ 94 tí kò yìn tààrà mọ́, ọ̀pá ìnu irin ló jẹ ẹnu wọn, kì í ṣe ọta. Okùn ìnu ni mo ń lò, mo ń sọ ọ́ láti ìdí, mo ń fà á jáde lẹ́nu. Òrùka iwájú ni mo ṣì ń bá jà. Síkúrù rẹ̀ ti yọ̀, mo ti ra òmíràn, mo sì ń dúró de sùkùdíráfà tó bá ìlà orí rẹ̀ mu gan-an kí n tó fọwọ́ kàn án.